Ẹ̀yin Bàbá, Ìgbà Wo Lẹ Jọ Wọkọ̀ Pẹ̀lú Ọmọ Yín Kẹ́yìn?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ fún wa láti máa rìn, tí Ó sì rọ omi fún ọkọ̀ láti máa gbà kọjá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ìgbà wo ni ẹ jọ jáde nílé kẹ́yìn, bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí kì í ṣe ìsọmọlórúkọ, tí kì í ṣe yìgì, tí kì í ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ òkú? Mo ti bi àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìbéèrè yìí rí. Ọ̀kan nínú wọn ronú títí, ó ní, "Àfáà, a jọ lọ sí Yídì." Ó dáa, Yídì náà jáde ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni, kì í sì í pẹ́ tán. Bàbá wà ní sáfù iwájú, ọmọ wà lẹ́yìn níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn ni ìrìn-àjò ọjọ́ kan tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi àti ìdílé rẹ̀ rìn ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá. Bristol ni wọ́n ń gbé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ sì ni. Nígbà tó bá ń jáde nílé, àwọn ọmọ ti fẹ́ sùn. Nígbà tó bá fi máa wọlé láàárọ̀, wọ́n ti ń múra ilé-ìwé, òun náà á wá ibi tí yóò forí lé. Ẹ má rò pé mò ń bú u. Owó ilé, owó iná, owó tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wa ní Ọ̀ffà, inú iṣẹ́ alẹ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Owó kéwú àwọn ọmọ kò sì pẹ́ rí. Èmi ni mo mọ̀, nítorí èmi ni mo ń kọ́ wọn lórí fóònù ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè láti Ìbàdàn níbí. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 13, àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9.

Ọmọbìnrin yìí ló ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń yọ èéfín, irú èyí tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n nílé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí la ń wá nínú ọkọ̀ èéfín, nígbà tí èyí tí kò ní èéfín wà nílẹ̀?" Ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo ló ní lọ́sẹ̀ náà, oorun ló sì fẹ́ fi í sùn. Ìyàwó rẹ̀ ni kò gbà. Ó ní, "Dádì wọn, ẹ máa sùn nínú ọkọ̀." Báyìí la ṣe gbéra ní aago méje àárọ̀, pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, ike omi àti ẹní ìkírun méjì nínú bùùtù.

A wa mọ́tò lọ sí Paignton, ìlú kan létí òkun ní agbègbè Devon. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ náà ti ń gbéra lọ sí Kingswear létí odò Dart. Nǹkan bíi máìlì méje ni. Láti ọdún 1864 ni irin ọ̀nà náà ti dé Kingswear. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìjọba kò fẹ́ ẹ mọ́, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan rà á ní ọdún 1972, wọ́n sì ń fi ẹ́ńjìnnì èéfín gbé èèyàn lórí rẹ̀ títí di òní. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lèèyàn lè rà tí yóò kó gbogbo ìrìn náà já: ọkọ̀ ojú irin dé Kingswear, ọkọ̀ omi sọdá sí Dartmouth, ọkọ̀ omi mìíràn gba orí odò lọ sí Totnes, bọ́ọ̀sì sì gbé e padà sí Paignton níbi tó gbé mọ́tò rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ó wú mi lórí ju bí mo ṣe rò lọ. Ọkùnrin méjì ló wà níwájú. Ọ̀kan ń wà á, èkejì ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná. Ooru iná yẹn ń gba inú àwọn páìpù kọjá láàárín àgbá omi ńlá kan. Omi á hó, á di oru. Omi tó bá di oru máa ń wá àyè tó tó nǹkan bí ìlọ́po 1,600 ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fún un ní àyè, wọ́n sé e mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un ni èyí tí yóò gbà ti ọ̀pá irin síwá sẹ́yìn, ọ̀pá irin yẹn ló sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Oru tó bá ti ṣiṣẹ́ tán á bá èéfín jáde lókè, òun ló ń dún fùkù-fùkù tí à ń gbọ́. Omi tíì tí à ń sè láàárọ̀ náà ni o. Ohun tó ń gbọn ọmọrí kẹ́tù ló ń fa ọkọ̀ tí èèyàn kún inú rẹ̀ gun òkè.

Ní Dartmouth tí à ń lọ gan-an ni wọ́n bí Thomas Newcomen ní ọdún 1664, ọkùnrin tó ń ta irin, tó sì tún máa ń wàásù nínú ìjọ tirẹ̀. Òun ló ṣe ẹ́ńjìnnì oru omi àkọ́kọ́ tó wúlò ní tòótọ́, ní ọdún 1712, nítòsí Dudley, láti máa fi fa omi jáde nínú ihò tí wọ́n ti ń wa èédú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Watt wá tún un ṣe, àwọn mìíràn sì gbé e sórí irin. Nígbà tó fi máa di ọdún 1901, ọkọ̀ èéfín ti ń gbé àwọn bàbá ńlá wa láti Èkó dé Ìbàdàn. Ọlọ́hun ló fi agbára yẹn sínú omi láti ọjọ́ tí Ó ti dá a. Ẹni tó jókòó tì í, tó wò ó dáadáa, ló rí i.

Bí fèrè ṣe dún, tí ọkọ̀ mì díẹ̀, mo yíjú sí ọmọ náà. Mo ní, "Àdúà ohun ìgùn dà?" Ó kà á láìṣì ẹyọ kan, gbogbo mádì rẹ̀ pé, ó fa ibi tó yẹ kó fà. Kí inú mi tó dùn tán, ó wò mí lójú, ó ní, "Ọ́ńkù Àfáà, ṣé wọ́n máa ń kà á lóòótọ́? Mo rò pé ti ìdánwò ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dé ibi tó ń lọ. Ọmọ yìí ti wọ mọ́tò bàbá rẹ̀ kò mọye ìgbà. Ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú wá sílé lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ sì ń ka àdúà yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú ló máa ń kà á sí, nígbà tó bá ń dá nìkan lọ síbi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọmọ kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Èmi náà kò sì mọ́ nínú ẹ̀bi. Èmi ni mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, tí mo sì sún un sí orí tó kàn.

Àwa olùkọ́ ilé-kéwú mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yìí, a kàn kì í sọ ọ́ síta ni, nítorí pé òbí ló ń san owó. Bàbá á mú ọmọ wá, á ní, "Àfáà, mo fà á lé yín lọ́wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ." A lè kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n bá gun ọkọ̀. A kò lè bá a gun ọkọ̀ náà. Ẹ lọ wo Sūratu Luqmān. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀, lẹ́nu bàbá ni ọmọ ti gbọ́ ọ, kò rán ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ sì rántí Ibn ‘Abbās, tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà: ẹ̀yìn Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló wà lórí ohun ìgùn, lójú ọ̀nà, nígbà tó gba ẹ̀kọ́ ńlá nípa pé kí èèyàn ṣọ́ òfin Ọlọ́hun, kí Ọlọ́hun lè ṣọ́ ọ. Àwọn onímímọ̀ ṣì ń tú ẹ̀kọ́ náà títí di òní. Àwa ní tiwa rò pé tí kò bá ti sí bẹ́ǹṣì àti pátákó, kò sí ẹ̀kọ́.

Ọkọ̀ ń lọ. Òkun wà lápá òsì wa, a rí àwọn tó ń wẹ̀ ní etí rẹ̀, a kọjá lórí afárá gíga, a wọ inú òkè. Òkùnkùn ṣú biribiri, ọmọbìnrin náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Nígbà tí a jáde lódì kejì, òkun ti parẹ́, odò ló kù lápá ọ̀tún, láàárín igi. Oorun ti dá lójú ẹ̀gbọ́n mi. Kò sùn rárá, ẹ̀yin tí ìyàwó rẹ̀ ṣèlérí oorun fún.

Ní Dartmouth, wọ́n fi ilé kan hàn wá létí omi. Stéṣọ̀n ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n kọ́ ọ sí. Irin kò sọdá odò. Wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ní ayé ijọ́un, èèyàn á wá wọ ọkọ̀ omi lọ sí Kingswear láti lọ bá ọkọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, ọkọ̀ ojú irin kan kò dúró níwájú rẹ̀ rí. Oúnjẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Mo wo ilé náà títí. Mo mọ ilé kan tàbí méjì ní Ìbàdàn tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń san gbogbo owó tó yẹ kí wọ́n san, àmọ́ tí bàbá kì í dúró níbẹ̀.

Àkókò ìrun Àìlà bá wa níbẹ̀. Ìrìn wa ti ju kìlómítà 80 tí àwọn onímímọ̀ máa ń sọ fún onírìn-àjò lọ dáadáa, nítorí náà a dín ìrun kù sí méjì-méjì, a sì kó Àìlà àti Àlàásárì pọ̀. Ọgbà òdòdó kan wà nítòsí omi, a tẹ́ ẹní wa sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí a kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin yìí ti fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Àwọn èèyàn á máa wò wá." Mo fẹ́ fèsì, nítorí olùkọ́ ni mí, èsì kì í wọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣíwájú mi. Ó ní, "Wọ́n á wò wá, wọ́n á sì máa lọ. Èmi náà ń tijú nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Inú yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ ìnu ilẹ̀ sí ni mo ti máa ń kírun fún oṣù mẹ́fà." Ọmọ náà wò ó bí ẹni pé kò rí i rí. Kò mọ̀ pé bàbá òun ń tijú nǹkan kan láyé. Wọ́n ní kí n síwájú, mo kọ̀, mo ti ẹ̀gbọ́n mi síwájú. Ẹ̀yin rẹ̀ ni gbogbo wa wà. Bàbá òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá kí wa pé ẹ káàsán nígbà tí a sálámà tán, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ tí ń lọ sí Totnes kò ní aago kan ṣoṣo tó fi ń gbéra lójoojúmọ́. Òkun ló ń ti omi wọ odò Dart títí dé Totnes. Tí omi bá fà, ọ̀nà á pọ́n jù fún ọkọ̀ ńlá. Nítorí náà, bí omi ṣe ń kún tó sì ń fà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó kọ àkókò ọkọ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà bi mí bóyá òṣùpá tí à ń wò kí a tó gbààwẹ̀ ló ń fa omi. Mo ní òun náà ni, òun ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń fà á. Ìdákẹ́jẹ́ kan wà lórí omi yẹn tí kò sí nínú mọ́tò. Igi wá sísàlẹ̀ títí tí ewé rẹ̀ fi fẹ́ kan omi, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan dúró sínú ẹrẹ̀ láìmira. A kọjá lábẹ́ Greenway, ilé tí Agatha Christie, obìnrin tó kọ ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ti máa ń sinmi.

Nítòsí ibẹ̀ ni òkúta kan wà láàárín odò tí wọ́n ń pè ní Anchor Stone. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń pa ni pé láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gbé obìnrin tó bá ń bá ọkọ rẹ̀ jà sórí rẹ̀ kí omi tó kún, kó lè ronú. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àwọn ọkọ wá ńkọ́? Kò sí òkúta tiwọn?" Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan, ó gba kúlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń gbé ìdílé jáde, ẹ má sọ ọ́ di ọjọ́ iṣẹ́ fún ìyá nìkan. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyáwa ‘Ā’iṣa sáré ìdíje lẹ́nu ìrìn-àjò, wọ́n jọ ṣeré ni.

Orí omi yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ìyá wa àgbà ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ìdí rélùwéè Ọ̀ffà. Pé tí wọ́n bá gbọ́ fèrè, wọ́n á gbé igbá sórí, wọ́n á máa na ọjà sókè sí ojú fèrèsé ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó tún gbéra. Pé owó àkàrà yẹn ni wọ́n fi rán bàbá wa ní kéwú. Ọmọ ọdún 13 ni ọmọ yìí, ó mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal tán, kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Èmi gan-an kò gbọ́ ti owó kéwú yẹn rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní fàájì ni, àti pé wọ́n ń ta ọtí nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, wọ́n sábà máa ń tà á. A jókòó sí òkè, jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, a jẹ oúnjẹ tiwa. Ọjà tí à ń ná ní Ìbàdàn, ṣé wọn kì í ta ọtí níbẹ̀ ni? Ọmọ tí kò rí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ọtí kọjá, ta ni yóò fi hàn án lọ́jọ́ tó bá dá nìkan jáde? Àwọn mìíràn á ní owó dà. Èyí ni mi ò lè bá wọn jiyàn lé lórí, tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn márùn-ún kì í ṣe owó kékeré, ẹ̀gbọ́n mi fajú ro nígbà tó ń san án. Ṣùgbọ́n kò di dandan kó jẹ́ Devon.

Ọkọ̀ ojú irin wà ní ilẹ̀ wa báyìí, láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, kìlómítà 157. Ọdún 2021 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Kì í ṣe ti èéfín, dísù ló ń lò, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò wọ rélùwéè rí kò ní bínú nítorí ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú, ọkọ̀ omi tí ẹ ń wò lójoojúmọ́ ń lọ sí Èkó lórí ọ̀sà. Kí gbogbo yín wọ ẹ̀wù amúniléfòó, títí kan bàbá tó sọ pé òun mọ odò ó wẹ̀, kí ẹ má sì wọ ọkọ̀ omi lálẹ́. Kí fóònù bàbá wà nínú àpò. Ẹ kà á sókè, kí ọmọ gbọ́: èyí tó wà ní Sūratu Zukhruf tí ẹ bá gun ọkọ̀, èyí tí Ànábì Nūh sọ ní Sūratu Hūd tí ẹ bá wọ ọkọ̀ omi. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí ọmọ kọ́ yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà láti Totnes, ẹ̀gbọ́n mi wá sùn níkẹyìn, ọmọbìnrin náà fi orí lé apá rẹ̀, apá yẹn sì kú tipiri títí tí a fi dé Paignton.

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún àwọn òbí ilé-kéwú wa pé Sátidé kan nínú oṣù, ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ jáde kí ó kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò wá. Ọmọ 64 ló wà lọ́dọ̀ wa. Títí di àárọ̀ yìí, òbí mẹ́ta péré ló ti fi ránṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ìyá tó ń béèrè bóyá òun lè mú ọmọ lọ láìsí bàbá. Mo ní kí wọ́n máa lọ.